Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Tíì Gbálẹ̀

Ọwọ̀ ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọwọ̀ tí wọ́n họ lára imọ̀ ọ̀pẹ, tí a fi ń gbálẹ̀. Kò sí ilé kan ní Bantè tí kò ní tó méjì, mi ò sì tíì rí obìnrin, láti ibí títí dé Savalou, tí yóò jẹ́ kí oòrùn yọ bá ewé kan ṣoṣo nílẹ̀ àgbàlá rẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹ ó ti máa gbọ́ ọ: ṣáà, ṣáà, ṣáà. Láti kékeré ni ìró yẹn ti máa ń dùn mọ́ mi létí. Mo máa ń yíra padà lórí ẹní, mo máa ń sọ fún ara mi pé ayé ṣì ń lọ bó ṣe yẹ. Ní báyìí, bí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi á já, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni wọ́n ń kó lọ dà síná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí títì ọlọ́dà tó ti Savalou wá, tó gba Bantè kọjá, tó sì ń lọ sí Bassila àti Djougou. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ níbẹ̀, ojú mi sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Lọ́dún tó kọjá, Kẹ́hìndé ọmọ mi tó ń gbé ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé di ẹrù kékeré kan, ó fi rán ẹnìkan sí mi. Mo rò pé bàtà ni. Mo tú u, mo bá àpótí péńpé kan tó ní kóró ọ̀dà méjìlá nínú, ìkọ̀ọ̀kan kò ju kóró ṣúgà lọ. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà níbẹ̀, àti ìdì ìwé funfun tó nípọn bí awọ, pẹ̀lú ìwé kan tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olómi ya igi àti ewé ní ìgbà ìwọ́wé.

"Bàbá, ẹ máa fi sinmi," ni Kẹ́hìndé wí lórí fóònù. "Ìránṣọ ti pọ̀ jù fún ojú yín. Gbogbo àgbàlagbà ibí ló ń ṣe é."

Àgbàlagbà ibẹ̀ kò ní aṣọ ọdún àwọn oníbàárà lọ́rùn, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ síta. Mo ṣí ìwé náà. Ojú ewé àkọ́kọ́ kún fún ewé. Igi tò lọ rẹrẹ, òmíràn pọ́n, òmíràn rí bí pupa inú ẹyin, òmíràn rí bí epo tó ti jóná díẹ̀, ewé wọn sì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tó tú ìdì ańkárá sílẹ̀ lọ́jà. Obìnrin kan wọ ẹ̀wù òtútù, ó ń rìn kọjá láàárín wọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò. Mo wò ó dáadáa: kò mú ọwọ̀ dání. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ìgbésẹ̀ kìíní sí: jáde síta, kí o ṣa ewé mẹ́wàá nílẹ̀.

Kí ló tún rọrùn jùyẹn lọ? Mo jáde láago méje. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ojú ọwọ̀ ti fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo àgbàlá bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ ní ìṣẹ́po.

"Ewé dà?" ni mo bi ìyá àwọn ọmọ.

"Ewé wo, Bàbá Ìbejì?"

"Èyí tó wọ́ sílẹ̀ lánàá."

"Mo ti gbá a, mo ti sun ún. Àbí ẹ fẹ́ kí àlejò wá bá wa nínú pàǹtírí?"

Lọ́jọ́ kejì mo jí láago mẹ́rin kí n lè ṣíwájú rẹ̀. Ó gbúròó mi, ó rò pé àlejò pàtàkì ló ń bọ̀ tí mo fi tètè dìde, ó sì gbá ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ewé ilé mi kì í pẹ́ nílẹ̀ débi tó máa di nǹkan kan.

Èmi àti ìgbà ìwọ́wé ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣá o. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa kọ́ wa pé àsìkò mẹ́rin ló wà nínú ọdún. Mo délé, mo kà á fún bàbá mi lórí ìka. Bàbá mi ní, "Nínú èwo la ti ń kọ ebè iṣu?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Oṣù kẹwàá ọdún kan ni wọ́n wá gbé ewì Paul Verlaine lé wa lọ́wọ́, Chanson d'automne, ìyẹn Orin Ìgbà Ìwọ́wé, èyí tó jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1866. Ewì kékeré ni, ìbànújẹ́ inú rẹ̀ ló tóbi. Mo há a sórí, mo ń bá Faransé dárò ewé gbígbẹ, nígbà tí gbogbo igi tí mo ń wò lójú fèrèsé tutù yọ̀yọ̀, tí òjò ìkẹyìn sì ń rọ̀ sórí wọn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé rédíò BBC fi ìlà inú ewì yìí kan náà ṣe àmì fún àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀ ní Faransé ní 1944, pé ọmọ ogun ti ń bọ̀ wá gúnlẹ̀ ní Normandy. Ó rí iṣẹ́ gidi ṣe lọ́hùn-ún. Pàṣán ló fà bá mi, torí pé mo pe m tó wà nínú automne, bẹ́ẹ̀ wọn kì í pè é. Bí wọn kì í bá pè é, kí ló ń wá níbẹ̀?

Kí ẹ má rò pé igi wa kì í wọ́wé o. Wọ́n ń wọ́wé, wọn ò kàn gbọ́ ara wọn yé ni. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, òtútù àti ọjọ́ tó ń kúrú ló ń lé ewé lọ. Igi á kọ́kọ́ gba ohun rere inú ewé padà, àwọ̀ tútù á ṣá dànù, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látilẹ̀ á wá yọjú, bí aṣọ abẹ́nú kóòtù ṣe ń hàn nígbà tí tòkè bá ti gbó. Pupa ní tirẹ̀, igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pò ó ni kí ewé tó já. Ọ̀pọ̀ igi wọn á sì ṣe é lásìkò kan náà, bí ẹgbẹ́ tó dá aṣọ.

Tiwa dà? Ọ̀dá omi ló ń mú igi wa wọ́wé, olúkúlùkù wọn ló sì ń ka oṣù tirẹ̀. Àràbà á bọ́ra sílẹ̀, osè á wà níhòòhò fún oṣù mélòó kan láìtijú. Ewé tẹ́ẹ̀kì fẹ̀ bí àtẹ, bó bá já, gbàgà ni ẹ ó gbọ́. Máńgòrò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, ó tutù láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, bí ẹni tí kò gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Èyí tó bá sì ráyè wọ́wé nínú igbó, iná ọdẹ ti dé ibẹ̀ kí n tó dé.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ pupa, òun ló dùn mí jù. Pupa tí ìwé náà fi ń yangàn, ìgbà tí ewé bá ń kú ló ń dé lọ́hùn-ún. Níbí, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ló ń pọ́n. Ẹ wo ọ̀mùnú máńgòrò, ẹ wo ti kajú, ẹ wo ìpáńhán nínú igbó Agoua nígbà tó bá ń rúwé: wọ́n pọ́n bí ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo jókòó ti máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, mo ya ẹ̀ka kan tó ń rú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi yà á. Mo ya fọ́tò rẹ̀ sí Kẹ́hìndé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá! Ìgbà ìwọ́wé yẹn jọ ọ́ gan-an!"

Ìrúwé ni mo yà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ omi, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ mi jẹ jù. Ìwé náà ní kí n fi omi rẹ ojú ìwé funfun, kí n kan ìyeyè sí i, kí n kan pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n sì ká ọwọ́ gbera kí àwọ̀ méjèèjì lè rìn wọnú ara wọn. Oṣù kìíní ni mo dán an wò. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti Sàhárà, ètè gbogbo wa ti là, pákó ìjókòó ṣọ́ọ̀bù mi ń dún kẹ́kẹ́ bó ṣe ń súnkì. Mo rẹ ìwé láti apá òsì. Kí n tó dé apá ọ̀tún, apá òsì ti gbẹ. Mo sáré padà sósì, ọ̀tún gbẹ. Ẹni tó ń lé adìẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà sàn jù mí lọ. Pupa tí mo kàn sílẹ̀ dúró síbi tí mo kàn án sí, etí rẹ̀ mú bí abẹ, kò bá ìyeyè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Eruku wá bà lé e lórí, ó parí gbogbo rẹ̀.

Mo ní ó dáa, n ó dúró de òjò. Oṣù kẹjọ dé, afẹ́fẹ́ rin, aṣọ kò gbẹ lórí okùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi rìn! Ìyeyè wọnú pupa, pupa wọnú àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ọkọ àti ìyàwó ọjọ́ keje. Mo gbójú sókè kí n wo ewé tí mo máa yà. Gbogbo Bantè tutù minimini, kò sí ewé kan tó ronú àtijá. Nígbà tí ewé bá gbà, omi ò gbà. Nígbà tí omi bá gbà, ewé ò gbà. Ta ni kí n mú?

Iṣẹ́ náà kò sì ní títú. Bí mo bá rán apá aṣọ òdì, mo máa tú u, n ó tún un rán, oníbàárà ò ní mọ̀. Ọ̀dà olómi kò mọ ìyẹn. Funfun kankan ò sí nínú àpótí mi, ara ìwé náà gan-an ni funfun, bí ẹ bá ti kùn ún kọjá, ó lọ nìyẹn. Láti orí fífúyẹ́ lẹ ó ti máa lọ sórí dúdú, kò sí àbọ̀. Ìwé tó bá sì rẹ omi á ká kò bí etí erin. Èmi aránṣọ rò pé mo ní oògùn ìyẹn lọ́wọ́: mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo tẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ́rún iná kan ta síta. Àwòrán yẹn ló ní àwọ̀ ìwọ́wé tó dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà, ihò rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbé e kọ́.

Bí mo bá wá ro ti ọjà tó wà nínú àpótí yẹn, orí mi á tún gbóná. Kóró kan wà níbẹ̀ tí mò ń lò jù, àwọ̀ ewé gbígbẹ gan-an. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Terre de Sienne brûlée, ìyẹn erùpẹ̀ ìlú Siena ní Ítálì tí wọ́n sun níná. Ìpẹtà irin inú ilẹ̀ ló mú un pọ́n. Mo kà á tán, mo wo ìta. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ etí títì, ìpẹtà irin Bantè sì gbéra láti ilẹ̀, ó wọlé, ó bà lé aṣọ funfun ìyàwó tí mo gbé kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tó dára jù fún iṣẹ́ yìí, òwú ni wọ́n fi ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń kórè òwú jù ní Áfíríkà. Oje igi tó mú ọ̀dà náà dì mọ́ra, ara igi akasíà ilẹ̀ Sàhẹ́lì ni wọ́n ti ń gbà á. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá inú rẹ̀, irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo fi han ọdẹ kan tó wá gba ṣòkòtò. Ó yí i lọ yí i bọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí a máa ń wì dànù kí a tó se ọbẹ̀ nìyí?" Ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa kò tilẹ̀ ní àpótí kankan. Èèpo ọkà bàbà ló ń bọ̀ lómi, wàrà rẹ̀ á sì pọ́n dòdò. Kò ka ìwé ìgbésẹ̀ kìíní, kò ká ọwọ́ gbera de ohunkóhun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí sú mi, mo rántí ayàwòrán nì, Aina Onabolu. Ọ̀dà olómi ni òun náà fi ya ìyáàfin Spencer Savage l'Ékòó ní 1906. Ọlọ́gbọ́n ni. Èèyàn ló yà. Èèyàn á jókòó jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbá a dànù láàárọ̀. Mo ní kí ìyá àwọn ọmọ jókòó kí n yà á. Ó ní òun fẹ́ gbálẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló wá fún mi lọ́gbọ́n. Ó ní igi fúrúùtù, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní badamier, ló ń ṣe bí igi Faransé: ewé rẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀ kó tó já, ó sì lè wọ́wé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Òtítọ́ ni. Láti apá Éṣíà ni igi náà ti wá, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó ní ìwà àlejò. Èyí tó wà nítòsí wa, wọ́n ti gé e, wọ́n fi kọ́ búkà. Ọmọ náà ní òun mọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Savalou tí mẹ́ta wà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ tàksí ìdájí. Gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ló ń lọ sí Savalou nítorí ọdún iṣu ní 15 August, wọ́n ń lọ ra gàrí, wọ́n ń lọ wo ààfin Gbaguidi. Èmi nìkan ni mo lọ ṣa ewé.

Mo débẹ̀. Abẹ́ igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n bí ẹní tí wọ́n fi osùn kùn. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí ogún ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tò wá láti ẹ̀yìn kíláàsì, olúkúlùkù pẹ̀lú ọwọ̀ tirẹ̀.

Mo kígbe. Wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ọwọ̀ ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Olùkọ́ kan jáde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá oníṣègùn, àìsàn wo ni ewé yìí ń wò?" Mo ṣàlàyé títí, ó kàn ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ pé babaláwo kì í sọ àṣírí. Mo wá bá àwọn ọmọ náà dá a: ewé pupa kan, bisikíìtì kan. Àṣìṣe ni. Kí n tó ra bisikíìtì dé, wọ́n ti kó ewé bí ọgọ́ta sílẹ̀. Méje ló pọ́n. Àwọn yòókù, tútù ni wọ́n já wọn lórí igi. Ọ̀kan tilẹ̀ ti fi bíìkì pupa kun tirẹ̀, ó sì kùn ún dáadáa, kò yà kọjá etí. Mo fún un ní bisikíìtì méjì.

Nínú tàksí, ìyá kan gbé àpò gàrí lé ewé mi lórí. A kọjá lójúbọ Dankoli, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbá èèkàn igi mọ́lẹ̀ láti fi tọrọ ohun tí wọ́n ń wá. Ó ṣe mí bíi kí n sọ̀ kí n lọ gbá tèmi, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ là á yé òrìṣà pé ewé gbígbẹ ni mò ń tọrọ? Mo délé. Mẹ́fà ti rún wómúwómú. Ó ku ẹyọ kan.

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Pupa rẹ̀ kò dọ́gba: ó ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ létí, ó ń fúyẹ́ bọ̀ láàárín, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ìyeyè gbọnrangandan. Nítòsí ìdí rẹ̀, tútù díẹ̀ ṣì kù tí kò tíì gbà pé ó ti tán. Tó-tò-tó dúdú wà lára rẹ̀, kòkòrò sì ti jẹ ihò méjì sí i. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ tútù dí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ má wọlé, mo gbé abọ́ omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ooru rẹ̀ mú afẹ́fẹ́ rin. Mo rẹ ìwé. Mo kan ìyeyè. Mo kan pupa. Wọ́n rìn. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo gbé àwòrán náà kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà àkọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti ń ta ẹran. Èkejì ní tàtàṣé yẹn wú òun lórí. Bàbá kan wò ó pẹ́, ó ní ahọ́n màlúù ni, òun sì ti jẹ irú rẹ̀ rí. Ìyá àwọn ọmọ ló dé kẹ́yìn, ó dúró síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ewé fúrúùtù ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ti kun ẹ̀yìn rẹ̀ jù níbi tó ká sí yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pọ́n tó ojú rẹ̀."

Mo yí ewé náà padà. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo bi í pé ibo ló ti mọ̀ ọ́n. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọge, ẹ̀gbẹ́ igi fúrúùtù ni ilé àwọn wà, àràárọ̀ lòun sì ń gbá a. Mo lọ gbé búrọ́ọ̀ṣì kí n tún un ṣe, mo wá rántí pé iṣẹ́ yìí kò ní títú. Mo ní kò burú, ewé náà ṣì wà, n ó tún òmíràn yà lọ́la.

Lọ́la dé, mo jí, mo gbọ́ ṣáà, ṣáà, ṣáà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gbálẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń ka èyí ní Bantè, ní Savalou, àti níbikíbi tí fúrúùtù bá wà: bí ọyẹ́ ọdún yìí bá dé, kí ẹ tó gbé ọwọ̀, ẹ fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní kan sílẹ̀ fún mi lábẹ́ igi náà títí di aago mẹ́jọ. Bí mo bá ṣe tán, èmi fúnra mi ni n ó gbá a.